Tréènì Blue Line láti Mile 2 dé Marina: ẹ bá mi wọ̀ ọ́ jàre

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ti Festac àti Mile 2 lọ síbi iṣẹ́ ní Island láràárọ̀, tẹ́ ẹ ṣì ń bá danfo wọ̀jà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbìyànjú tréènì yìí wò. Láti September 2023 ló ti ń gbé èrò, tó bá ti kúrò ní Mile 2, Suru-Alaba ló kàn, ó di Orílé, ó di National Theatre, ó di Marina, kìlómítà 13 ni gbogbo ẹ̀, kì í sì í tó ààbọ̀ wákàtí. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Orílé láàárọ̀ Mọ́ńdè á mọ ohun tí mò ń sọ, torí nínú danfo kò sẹ́ni tó lè sọ pé aago báyìí lòun máa dé, bí táńkà kan bá ti dábùú ọ̀nà, ó parí nìyẹn. Tréènì ní ọ̀nà tiẹ̀ lọ́tọ̀, gòsiló ò kàn án rárá.

Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ o, káàdì Cowry tá a fi ń wọ BRT náà ni, ẹ kó owó sí i kẹ́ ẹ tó jáde nílé. Ẹ̀ẹ́ gbé e lé ojú ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu géètì, géètì á ṣí, ó tán. Kò sí "ẹ wọlé pẹ̀lú ṣéńjì yín o", kọ́ńdọ́ kankan ò ní so yín pọ̀ mọ́ ẹni tẹ́ ò mọ̀ rí torí ṣéńjì.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni tó bá gun afárá orí ọ̀sà lọ sí Marina, omi lọ́tùn-ún lósì, AC ń fẹ́ sí yín lára, ilé gogoro Island níwájú. Lóòótọ́, èrò máa ń pọ̀ láàárọ̀, ẹ lè wà lórí ìdúró títí dé Marina, ẹni tó ń lọ Lẹ́kí náà ṣì máa wá bọ́ọ̀sì ní CMS.

Ẹ tún kìlọ̀ fáwọn ọmọ yín, iná mànàmáná ló ń gbé tréènì yìí rìn, irin kan wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin tíná ń gbà kọjá, kẹ́nikẹ́ni má sọdá níbẹ̀ láéláé, ì báà má sí tréènì nítòsí, afárá ẹlẹ́sẹ̀ ni kí wọ́n gbà.

Ó ku èyí tó máa dé Okokomaiko, kí ìjọba bá wa parí ẹ̀ kíá, torí àwọn ọmọ LASU àtàwọn ará Ìyànà-Ìbà ń jìyà lójú ọ̀nà yẹn.