Ẹ̀fọ́ agolo, ẹ̀fọ́ inú ìgò, ẹ̀fọ́ oníyìnyín: èwo ni kò ní da ṣúgà ẹ̀jẹ̀ yín rú?

Ọdún kẹrin rèé tí dókítà ti sọ pé ṣúgà pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ mi, tó ní kí n máa jẹ ẹ̀fọ́ dáadáa. Mo gbọ́ "ẹ̀fọ́", n kò gbọ́ "dáadáa". Àgbàdo dídùn inú agolo, èyí tí wọ́n fi omi kíki dídùn sè, ni mo gbá mú. Ìyá tó bí mi kò ní pe àgbàdo ní ẹ̀fọ́ láéláé, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀fọ́ ni wọ́n tò ó sí lórí àtẹ, èmi náà sì gbà bẹ́ẹ̀. Odidi agolo kan lálẹ́, inú mi á máa dùn pé mò ń ṣègbọràn.

Oṣù méjì gbáko ni ẹ̀rọ tí mo fi ń wọn ṣúgà fi ń bá mi jiyàn. Wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ: 210, 224, 198. Ọ̀pọ̀ alátọ̀gbẹ ni wọ́n máa ń sọ fún pé kó má kọjá 180 mg/dL. Mo ní ẹ̀rọ náà ló bàjẹ́, mo ra òmíràn. Òmíràn náà sọ ohun kan náà.

Ìlà kékeré tó jẹ mí lówó

Wọ́n kọ ọ́ sára agolo yẹn pé kábọ̀háídíréètì rẹ̀, èròjà oúnjẹ tí ara sábà máa ń sọ di ṣúgà, jẹ́ gíráàmù 20. Mo rí 20, ọkàn mi balẹ̀. Ìlà tó wà lókè rẹ̀ ni n kò kà: ìwọ̀n ìjẹ kan ṣoṣo ló ní 20, ìwọ̀n ìjẹ mẹ́ta àtààbọ̀ ló sì wà nínú agolo. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Gíráàmù 70 ni mò ń gbé mì lálẹ́ kan.

Ẹnì kan á ní àgbàdo dídùn kì í tètè gbé ṣúgà sókè, pé nǹkan bí 52 ni GI rẹ̀, ìyẹn òǹkà tó ń sọ bí oúnjẹ ṣe ń yára gbé ṣúgà ẹ̀jẹ̀ sókè, bẹ́ẹ̀ ohun tí kò bá ju 55 lọ kò ga. Òótọ́ ni. Àmọ́ GI kò mọ iye tí ẹ bù sínú àwo. Ẹ fi GI lọ́po gíráàmù kábọ̀háídíréètì tí ẹ jẹ gan-an, kí ẹ wá fi 100 pín in. Tèmi jẹ́ 36. Láti 20 sókè ni wọ́n ti ń kà á sí ẹrù wúwo. Ká ní ìdá kan nínú mẹ́rin agolo náà ni mò ń jẹ ni, 9 péré ni ì bá jẹ́, kò sì sẹ́jọ́.

Ẹ tún ka èròjà inú rẹ̀. Èyí tó wúwo jù ni wọ́n máa ń kọ ṣáájú. Bí ṣúgà bá wà ní ipò kejì tàbí ìkẹta, ẹ dá a padà sórí àtẹ. Ṣúgà sì ní oríkì: bí ẹ bá rí dextrose tàbí glucose syrup, òun náà ni. Wọn kì í pe maltodextrin ní ṣúgà, ṣùgbọ́n kíá ló ń di ṣúgà nínú ara.

Ohun kan ṣì wà tó máa ń da àwọn tó ń fi agolo méjì wéra rú. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń ka fáíbà, ìyẹn okùn inú ewéko tí kì í dà nínú ikùn, mọ́ àpapọ̀ kábọ̀háídíréètì. Ní Yúróòpù, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò. Gírín písì kan náà lè jẹ́ 14 níbì kan, kó jẹ́ 9 níbòmíràn.

Agolo

Gírín bíìnsì tàbí ewé inú omi lásán dára. Ẹ da omi rẹ̀ nù, kí ẹ ṣàn án, nítorí iyọ̀. Ìwọ̀n tó wà lẹ́yìn tí omi bá ti kúrò ni kí ẹ wò. Ó máa ń pẹ́ kó tó bàjẹ́, kò sì béèrè iná. Àléébù rẹ̀ ni pé bí ẹ bá ti ṣí i, ọwọ́ á fẹ́ parí ẹ̀. Ọwọ́ tèmi kúkú ń parí ẹ̀.

Ìgò

Ọtí kíkan inú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀tá ṣúgà ẹ̀jẹ̀. Ṣúgà tí wọ́n fi ń pa kíkan rẹ̀, pàápàá nínú bíìtrúùtù, ni kí ẹ ṣọ́.

Ọ̀dùnkún òyìnbó (pòtétò) gbígbẹ tí wọ́n ń da omi gbígbóná sí

GI rẹ̀ kọjá 80. Ẹ kọjá lára rẹ̀.

Oníyìnyín

Ẹ yí àpò náà sẹ́yìn: èròjà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Brókólì. Gírín bíìnsì. Nínú gíráàmù 100 brókólì, kábọ̀háídíréètì kò ju nǹkan bí 5 lọ, fáíbà sì jẹ́ nǹkan bí 3 nínú rẹ̀. Ẹ bu ìkúnwọ́ méjì, ẹ di ẹnu àpò, ẹ dá ìyókù padà sínú yìnyín, kò sí ohun tó ń pè yín pé kí ẹ wá parí òun. Èyí tí wọ́n fi sọ́ọ̀sì pọ̀ mọ́, tinú agolo mi àtijọ́ náà ni, aṣọ ló yí padà.

Ó máa ń rọ̀ jù bó bá pẹ́ lórí iná, iná mànàmáná sì lè ṣe é bó ṣe fẹ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi kárọ́ọ̀tì dẹ́rù bà yín. GI 92 ni wọ́n kọ fún un ní 1981. Nígbà tí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn náà, ti bíbọ̀ kò ju nǹkan bí 39 lọ.

Èwo ni kí ẹ rà?

Kálukú ló mọ ibi tí bàtà ti ń ta á lẹ́sẹ̀. Ẹni tí kò ní fìrísà lè fi agolo olómi lásán gbé ayé rẹ̀ láìséwu, bó bá ti ń ka ìlà kékeré yẹn. Ẹni tó ń gún insulin tàbí tó ń lo oògùn tó ń já ṣúgà wálẹ̀, kó sọ fún dókítà kó tó dín kábọ̀háídíréètì kù lójijì, kí ṣúgà má baà já ju bó ṣe yẹ lọ.

Èmi ò bá agolo jà o. Méjì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi. Àpò mẹ́sàn-án ló wà nínú fìrísà. Lánàá, mo fi brókólì ìkúnwọ́ méjì jẹ ẹja, mo wọn ara mi lẹ́yìn wákàtí méjì: 138.