Dracula ti Bram Stoker: ẹ má fo déètì kankan

Ẹ̀sùn mẹ́ta làwọn òǹkàwé sábà máa ń kà sí Dracula, ìwé ìtàn àròsọ Bram Stoker, lẹ́sẹ̀: pé àárín rẹ̀ ń fà, pé Dracula fúnra rẹ̀, òkú tó ń rìn kiri mu ẹ̀jẹ̀ èèyàn, kì í yọjú tó, pé òpin rẹ̀ sì kánjú jù. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ti àkọ́kọ́. Èyí tó kù, bí wọ́n ṣe ka ìwé náà ló fà á. Wọ́n fo déètì.

Ọdún 1897 ni ìwé náà jáde, orí 27 ló sì ní. Kò sí ẹnì kan ṣoṣo tó ń sọ ìtàn náà fún wa. Dáyárì, lẹ́tà, tẹligíráàmù, ìròyìn tí wọ́n gé nínú ìwé ìròyìn àti àkọsílẹ̀ ọ̀gákọ̀ ojú omi ni wọ́n tò léra wọn. Orí kìíní dé ìkẹrin jẹ́ dáyárì Jonathan Harker, ọ̀dọ́ lọ́yà tó ti Ìlú Ọba lọ sí Transylvania, agbègbè kan tó wà ní Romania òde òní, láti parí ọ̀rọ̀ ilé tí Dracula fẹ́ rà ní London. Mi ò tíì rí ẹni tó ráhùn nípa orí mẹ́rin wọ̀nyí. Harker ń fá irùngbọ̀n, ó ń wo gbogbo yàrá nínú dígí, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, ọwọ́ kan sì bà lé e léjìká: “Ẹ káàárọ̀.” Dracula ni, dígí kò sì gbé e hàn. Harker ṣèèṣì fi abẹ ya ara rẹ̀.

Orí karùn-ún ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. Wọ́n fi Harker sílẹ̀ nínú ilé ńlá Dracula ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà, wọ́n ṣí ojú ewé, wọ́n bá lẹ́tà àwọn ọmọbìnrin méjì, Mina àti Lucy, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìfẹ́ àti ọkọ. Ó jọ pé ìtàn mìíràn ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ wo òkè lẹ́tà náà: ọjọ́ 9 oṣù Kárùn-ún. Ọjọ́ ti padà sẹ́yìn. Nígbà tí Mina ń kọ ọ́, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ti wà nínú ilé Dracula. Bákan náà ni àkọsílẹ̀ ọkọ̀ Demeter. Ó gbéra ní Varna, ní etíkun Bulgaria, ó ń lọ sí Ìlú Ọba, ní ọjọ́ 6 oṣù Keje pẹ̀lú àwọn àpótí tí erùpẹ̀ kún inú wọn. Ẹ fi ọjọ́ yẹn wé ọjọ́ tí dáyárì Harker dúró, ẹ ó mọ ohun tó wà nínú ọkọ̀ náà kí atukọ̀ kankan tó mọ̀ ọ́n.

Ibi tí ẹ̀rù ìwé yìí wà gan-an nìyẹn: òǹkàwé nìkan ló ń rí gbogbo ìwé náà pa pọ̀. Ẹ wo píìnì Mina. Lucy rìn lójú oorun lóru, ó lọ jókòó sí itẹ́ òkú ní Whitby, ìlú etíkun tí ọkọ̀ náà gúnlẹ̀ sí. Mina lọ bá a, ó fi ìborùn wé e, ó fi píìnì ńlá há a lọ́rùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó rí ojú egbò pupa kéékèèké méjì lọ́rùn rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé píìnì òun ló gún un, ó tọrọ àforíjì. Lucy rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára. Kò sí ariwo kankan lójú ewé yẹn. Ẹni tó bá fo àkọsílẹ̀ ọkọ̀ náà yóò kà á kọjá bí ọ̀rọ̀ lásán.

Tàbí tẹligíráàmù tí Van Helsing, dókítà ará Holland tó ń tọ́jú àìsàn Lucy, fi ránṣẹ́ sí Dókítà Seward, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ní orí kọkànlá, pé kó má ṣàì wà nílé Lucy lóru ọjọ́ náà. Nínú àkámọ́, ní ìlà kan péré, wọ́n kọ ọ́ pé àdírẹ́sì kò pé, ó sì fi wákàtí 22 pẹ́ kó tó dé. Ẹni tí kò ka àkámọ́ yẹn yóò máa bú Seward pé kò bìkítà. Orí tó tẹ̀ lé e tún ní lẹ́tà Mina sí Lucy, ó kún fún ayọ̀ ìyàwó tuntun. Àkámọ́ wà lórí òun náà: Lucy kò ṣí i. Ní tèmi, kò sí ìlà tó bani nínú jẹ́ jù yẹn lọ nínú gbogbo ìwé náà.

Ní ti pé ó ń fà: bẹ́ẹ̀ ni, láti orí kẹrìnlá lọ, Van Helsing ń sọ̀rọ̀ jù, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ sì wọ́. Síbẹ̀ ẹ má fo orí kejìdínlógún. Ibẹ̀ lòfin eré wà: Dracula kò lè kọ́kọ́ wọ ilé àyàfi tí ará ilé bá pè é wọlé, agbára rẹ̀ sì ń dáwọ́ dúró tí ilẹ̀ bá mọ́. Kò sọ pé oòrùn ń pa á o. Fíìmù ló fi ìyẹn kún un. Nínú ìwé, ọ̀sán gangan ni Harker rí i ní Piccadilly. Àwọn tó ń bínú pé ọkùnrin mẹ́rin fa ẹ̀jẹ̀ sí Lucy lára láìyẹ irú ẹ̀jẹ̀ wọn wò, kí wọ́n rántí pé ọdún 1901 ni ìmọ̀ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé.

Tẹ́ ò bá tíì kà á tán, ẹ fo ìpínrọ̀ yìí. Dracula kì í yọjú nítorí pé ìwé àwọn ọ̀tá rẹ̀ la ń kà. Kò sí dáyárì tirẹ̀ níbẹ̀. Ohun kan náà ló mú kí òpin yá. Mina ló ń sọ ọ́, ó sì dúró lókè, ó ń wò wọ́n láti ọ̀nà jíjìn. Ọ̀bẹ méjì ló pa Dracula, ọ̀kan lọ́rùn, ọ̀kan lọ́kàn, bí oòrùn ṣe ń wọ̀. Igi ṣónṣó táwọn èèyàn ń retí pé wọ́n á gún mọ́ ọn lọ́kàn, Lucy àtàwọn obìnrin mẹ́ta inú ilé Dracula, táwọn náà ti di irú rẹ̀, ni wọ́n lò ó fún.

Àwọn ẹ̀dà tí wọ́n gé kúrú pọ̀ níta, àwọn nǹkan kéékèèké yìí ni wọ́n sì máa ń kọ́kọ́ gé. Kí ẹ tó mú un, ẹ ka orí rẹ̀ bóyá ó pé 27, ẹ wá lẹ́tà tí Lucy kò ṣí ní orí kejìlá, ẹ sì wò ó bóyá ọ̀rọ̀ ìparí Harker, lẹ́yìn ọdún méje, wà níbẹ̀. Odindi rẹ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Project Gutenberg, ibi ìkówèésí orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbọ́ ọ ni, ẹ mú èyí tí ohùn ju ẹyọ kan lọ ń kà. Tí ohùn kan bá ń ka Mina, Seward àti Harker pọ̀, ẹ ó pàdánù ẹni tó ń kọ̀wé, déètì náà yóò sì bá a lọ.