Optane lórí Linux: mẹ́mọ́rì ńlá tí àkọsílẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ RAM tán

Sáfà tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ní CPU méjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ CPU kọ̀ọ̀kan, Optane 128GB mẹ́fà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú RAM DDR4 16GB mẹ́fà. Ẹ kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: Optane TB kan àbọ̀, RAM 192GB. Dátábéèsì ló wà lórí rẹ̀, èmi ni mo sì ń tọ́jú rẹ̀. Àlòkù ni àwọn Optane náà torí tuntun ti ṣọ̀wọ́n, màá dé ibẹ̀. Ẹni tó bá ń wá bó ṣe yára sí, ìdánwò irú ìyẹn ti pọ̀ nílẹ̀. Ohun tí n kì í rí kí wọ́n tẹnu mọ́ dáadáa ni iye RAM tí kernel, ìyẹn ọkàn Linux, ń gbà lọ́wọ́ wa kí ó tó jẹ́ kí a fọwọ́ kan báìtì kan ṣoṣo nínú mẹ́mọ́rì ọ̀hún. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ fi dá a lẹ́jọ́.

Fún ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ọdún 2019 ni Intel gbé irú Optane yìí jáde, 128GB, 256GB àti 512GB. Ihò DDR4 tí RAM ń wọ̀ náà ló ń wọ̀, CPU sì ń kà á ní tààràtà láìgba ọ̀nà dísíìkì. Iná lọ, iná dé, ohun tí ẹ kọ síbẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Kì í yára tó RAM. Bí ẹ bá ń kà á káàkiri láìtẹ̀léra, ó máa ń pẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta RAM, inú rẹ̀ lọ́hùn-ún sì ń ṣiṣẹ́ ní báìtì 256 lẹ́ẹ̀kan bí CPU tilẹ̀ béèrè 64 péré. N kò bá a jà lórí ìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ kó yára bíi RAM, kó ra RAM. Ó tún ní Memory Mode, níbi tí RAM ti di káàṣì fún un, tí dátà inú rẹ̀ sì ń pa rẹ́ bí iná bá lọ. Èmi ò ra nǹkan tí kì í gbàgbé kí n tún wá kọ́ ọ ní ìgbàgbé, nítorí náà App Direct nìkan, èyí tí dátà kì í ti í pa rẹ́, ni mo ń lò.

Ó wá ku àkọsílẹ̀. Kernel Linux kì í mójú tó mẹ́mọ́rì lódindi. Ní péèjì-péèjì ló ń mójú tó o, 4KB sì ni péèjì kan lórí x86-64. Péèjì kọ̀ọ̀kan ní àkọsílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní struct page: ta ló ń lò ó, mélòó ló dì í mú, ṣé wọ́n ti kọ nǹkan sí i. Báìtì 64 ni àkọsílẹ̀ náà. Bí gbogbo mẹ́mọ́rì yín bá jẹ́ 16GB, 256MB ló ń lọ síbẹ̀, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n TB kan ń gba 16GB. Tèmi ń gba 24GB, inú RAM ló sì ti máa ń jáde bí ẹ ò bá ṣe nǹkan kan sí i: 24GB nínú 192GB, ìdá kan nínú ìdá mẹ́jọ. Ẹni tó bá fi 512GB sí gbogbo ihò Optane méjìlá yóò ní TB mẹ́fà, àkọsílẹ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 96GB. Lórí sáfà bíi tèmi, ìdajì RAM ti lọ kí dátábéèsì tó jí. Ó dà bí kí èèyàn ra oko ńlá, kó wá jẹ́ pé inú yàrá tó ń sùn ló ní láti kó gbogbo igi ààlà oko náà sí.

Àwọn kan á ní, kí ló dé tí kernel ò fi pa àkọsílẹ̀ yìí tì fún irú mẹ́mọ́rì bẹ́ẹ̀? Bó ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò ní struct page rárá. Ohun tó sì tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni pé ẹ ò lè fi O_DIRECT gbé dátà láti dísíìkì sínú rẹ̀ ní tààràtà, káàdì nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì lè fi RDMA kọ nǹkan sí i, torí ibikíbi tí kernel bá ti fẹ́ di mẹ́mọ́rì mú de ẹ̀rọ mìíràn, struct page ló máa ń béèrè. ZONE_DEVICE, ẹ̀ka kernel fún irú mẹ́mọ́rì yìí, tó wọlé ní Linux 4.3 lọ́dún 2015 ló fún un ní struct page. Ìṣòro kan lọ, gbèsè kan dé.

Irinṣẹ́ tí a fi ń ṣètò gbogbo èyí ni ndctl, ọ̀fẹ́ ni, kò sì wúwo. Bí ẹ bá ń dá namespace sílẹ̀, ìyẹn apá Optane tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún lílò, yóò bi yín ní --map. Ẹ kọ mem, inú RAM ni àkọsílẹ̀ ń lọ. Ẹ kọ dev, inú Optane fúnra rẹ̀ ló ń lọ. Ẹ ò kọ nǹkan kan, dev ló máa mú, ìwé ìlò rẹ̀ ò sì fi pamọ́ pé 16GB ni lórí TB kan. N kò lè bú ẹni tó yàn án bẹ́ẹ̀. Ó dára kí RAM má ṣe dínkù lójijì mọ́ ẹni tí kò mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ ẹ wò ó dáadáa. Ohun tí kernel ń kọ sí lemọ́lemọ́ ni struct page: bí ètò kan bá di péèjì mú, òǹkà á gòkè, bó bá tú u sílẹ̀, á sọ̀ kalẹ̀. Kíkọ nǹkan sí Optane gan-an sì ni kùdìẹ̀-kudiẹ rẹ̀. Èyí tó tún pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àkọsílẹ̀ yìí kò wúlò lẹ́yìn tí iná bá lọ. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni kernel máa ń tún un kọ nígbàkigbà tó bá jí. A wá gbé ohun tí a máa dà nù sórí mẹ́mọ́rì tí a rà torí pé kì í da nǹkan nù.

Ibi tí mo ti fún wọn ní máàkì nìyí. Joao Martins ti Oracle ló ṣe iṣẹ́ tó dín àkọsílẹ̀ náà kù, ó sì wọlé ní ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún 2022, ní Linux 5.17 àti 5.19. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ẹ dá devdax sílẹ̀, ìyẹn namespace tí ètò ń lò ní tààràtà láìsí fáìlì, kí ẹ sì ní kó máa fi 2MB ṣe ìwọ̀n. Péèjì 512 ló wà nínú 2MB kan. Struct page 512 jẹ́ 32KB, ìyẹn péèjì mẹ́jọ tó kún fún kìkì àkọsílẹ̀. Ní 5.17, wọ́n so àwọn 512 náà pọ̀ di ẹyọ kan, orí kan, ìrù 511. Ẹni tó bá fẹ́ di 2MB mú látìgbà náà, òǹkà orí nìkan ló ń yí. Ìrù 511 wá ń jókòó lásán, ohun kan náà sì ni gbogbo wọn ń sọ: ibi báyìí ni orí mi wà. Ní 5.19 ni wọ́n gbé ọgbọ́n tó kù wá. Nínú péèjì mẹ́jọ tó gbé àkọsílẹ̀, méjì péré ni wọ́n ń pèsè mẹ́mọ́rì fún. Mẹ́fà yòókù ní àdírẹ́sì wọn bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n péèjì kejì yẹn ni gbogbo wọn ń tọ́ka sí. Kernel ń ka mẹ́jọ, méjì ló wà nílẹ̀.

24GB mi di 6GB. Bí ẹ bá sì gbé ìwọ̀n náà dé 1GB, ó di 12MB. Ẹ ò ṣì í kà, MB ni. (Muchun Song ti ByteDance ti kọ́kọ́ lo irú ọgbọ́n yìí fún hugetlb, àwọn péèjì ńláńlá inú RAM, ní 5.14, kí a má fi oyè ẹlòmíràn dá ẹlòmíràn lọ́lá.) Èmi ò lọ dé 1GB o. Devdax kì í gba àbọ̀: bí ẹ bá mú 1GB, gbogbo mmap yín (bí ètò ṣe ń so mẹ́mọ́rì mọ́ àdírẹ́sì tirẹ̀) gbọ́dọ̀ bọ́ sórí ààlà 1GB, ètò tó bá sì yà díẹ̀, kernel á kọ̀ fún un. 2MB rọrùn láti bá gbé, 6GB kò sì pa mí lára.

Ẹ̀gún rẹ̀ wá nìyí, ó sì yẹ kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba sí ojú ìwé àkọ́kọ́ ìwé ìlò: bí ẹ bá fi --map sílẹ̀ sórí dev, ètò ìdínkù yìí kì í ṣiṣẹ́ rárá. Kernel máa ń yẹ̀ ẹ́ wò, bó bá ti rí i pé inú Optane ni àkọsílẹ̀ wà, ọ̀nà àtijọ́ ló ń gbà. Ìyẹn ni pé ohun tí ndctl ń mú fún ẹni tí kò yàn ń dí ohun tó dára jù nínú kernel lọ́wọ́. Èyí tí mo ń lò ni ndctl create-namespace --mode=devdax --map=mem --align=2M. Ẹ rí i dájú pé kernel yín ò kéré sí 5.19 kí ẹ tó kọ mem síbẹ̀ o, torí lórí èyí tó bá kéré sí ìyẹn, odindi 24GB ni yóò bọ́ lára RAM.

Devdax kì í ṣe fún gbogbo èèyàn. Kò ní fáìlì, kò ní fódà, kò mọ read, kò mọ write. Ẹ ṣí /dev/dax0.0, ẹ mmap rẹ̀, ó parí. Dátábéèsì tèmi lè bá a gbé. Bí tiyín bá ń fẹ́ fáìlì, fsdax, irú namespace tó ń gba fáìlì, lórí ètò fáìlì ext4 tàbí XFS lẹ máa lò, ìdínkù 5.19 ò sì dé ibẹ̀. Níbẹ̀, dev tí mo ń ṣe àtakò rẹ̀ lókè yìí náà ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Gbèsè mìíràn tún wà lórí fsdax tí ojú kì í tètè rí, ìyẹn page table, tábìlì tí CPU fi ń mọ ibi tí àdírẹ́sì kọ̀ọ̀kan wà. Báìtì mẹ́jọ ni lórí 4KB kọ̀ọ̀kan, fún ètò kọ̀ọ̀kan tó bá mmap rẹ̀, inú RAM ni gbogbo rẹ̀ sì ń wà. TB kan jẹ́ 2GB. Bí ètò 50 bá ń fọwọ́ kan TB yẹn tán lẹ́ẹ̀kan náà, 100GB ti lọ. Bí kernel bá lè fi 2MB yà á, 2GB ètò kọ̀ọ̀kan á wálẹ̀ di 4MB, ṣùgbọ́n ètò fáìlì gbọ́dọ̀ fún un ní búlọ́ọ̀kì tó bẹ̀rẹ̀ lórí ààlà 2MB. Lórí XFS, mo máa ń kọ su=2m,sw=1 sí mkfs.xfs, màá sì fi xfs_io fún fódà náà ní extsize 2m. Ibi tó ń bí mi nínú ni pé bí kernel ò bá rí 2MB, kò ní sọ fún ẹnì kankan. Á rọra padà sí 4KB, iṣẹ́ á máa lọ, RAM á máa jò. Àfi tí ẹ bá tan ìtọpinpin dax_pmd_fault_done lẹ máa rí i. FALLBACK ni kò rí i, NOPAGE ló rí i. Bẹ́ẹ̀ ni, NOPAGE ni ìròyìn ayọ̀.

Láti Linux 5.1, ẹ lè fi daxctl sọ devdax di RAM lásán, kó yọ bí ẹ̀ka mẹ́mọ́rì (NUMA node) kan tí kò ní CPU. Mo gbìyànjú ẹ̀, mo sì yọwọ́. Ìpamọ́ rẹ̀ lọ, ìdínkù àkọsílẹ̀ náà sì lọ, odindi struct page ló tún ń padà béèrè.

Ohun kan tó tún ń rẹ̀ mí ni pé irinṣẹ́ mẹ́ta ni ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó dé ibi iṣẹ́: ipmctl fún Optane fúnra rẹ̀, tí ẹ máa pa sáfà tí ẹ sì tún tàn án kí àyípadà rẹ̀ tó múlẹ̀, ndctl fún namespace, daxctl fún èyí tó kù. Kò sí èyí tó burú nínú wọn. Wọ́n kàn pọ̀ jù ni.

Ní July 28, 2022, Intel kéde pé òun ń pa Optane tì. Linux 5.19 jáde ní July 31. Ọjọ́ mẹ́ta. Síbẹ̀ iṣẹ́ náà ò bọ́ sínú omi, torí mẹ́mọ́rì CXL tó ń wọlé báyìí, èyí tí wọ́n ń fi ọ̀nà PCIe so mọ́ CPU, lè yọ sí wa gẹ́gẹ́ bíi devdax, àkọsílẹ̀ kan náà ló sì ń dúró dè é.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un, bí kernel yín bá jẹ́ 5.19 sókè, tí ètò yín sì lè bá devdax ṣe. Lórí fsdax, mẹ́ta, bí ẹ bá ní sùúrù láti máa ṣọ́ ààlà 2MB. Bí ètò yín bá ń fi write àti fsync ṣe gbogbo ìpamọ́ rẹ̀, tí kò mọ mmap, dísíìkì NVMe tó dára ni kí ẹ rà.