Télọ̀ aṣọ iṣẹ́ kan ní Fọlágbádé, Ìjẹ̀bú-Òde

Àwa Ìjẹ̀bú kì í fi aṣọ ṣeré. Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, tí rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, kọ̀ọ̀kan ti mú aṣọ tí wọn ó wọ̀ lọ sí Ojúde Ọba, owó télọ̀ kì í pọ̀ jù lójú ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n aṣọ tí à ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, èyí tí ọ̀gá àti oníbàárà fi ń mọ̀ wá, òkìrìkà tí ọwọ́ bá ṣáà ti bà ni. Ó máa ń dùn mí. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ̀rọ̀ Ìyá Ìbejì, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ládùúgbò Fọlágbádé.

Ilé ìfowópamọ́ kékeré kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Owó olówó ló ń gba ọwọ́ mi kọjá. Obìnrin tó ń ta ẹ̀fọ́ l'Ókè-Ajé kò ní béèrè sátífíkéètì mi kó tó kó owó ọjà ẹ̀ fún mi. Èmi fúnra mi ló máa wò, látorí dé bàtà. Ìrínisí ni ìsọnilọ́jọ̀.

Jákẹ́ẹ̀tì àti síkẹ́ẹ̀tì ni mo lọ rán. Kí Ìyá Ìbejì tó fa téèpù yọ, ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi mí: "Àǹtí, iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe? Ṣé ìjókòó ló pọ̀ níbẹ̀ ni àbí ìdúró?" Mo ní ìjókòó ni. Ló bá fa àga sí mi, ó wọn ìbàdí mi lórí ìjókòó, ó tún wo ibi tí síkẹ́ẹ̀tì máa sún kì sí lórí orúnkún. Mi ò rí télọ̀ tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo lọ wọ̀ ọ́ wò, kò jẹ́ kí n kàn dúró níwájú dígí. Ó ní kí n nawọ́ bí ẹni fẹ́ mú fáìlì lókè, kí n tún tẹ̀ síwájú bí ẹni ń bu ọwọ́ lùwé. Ibi tí ẹ̀yìn jákẹ́ẹ̀tì ti fà díẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì síbẹ̀, ó sì tú abíyá ẹ̀ lójú mi.

Ẹ yí inú jákẹ́ẹ̀tì náà síta, etí aṣọ kankan ò hàn. Mo ti fọ̀ ọ́, mo ti lọ̀ ọ́, kólà ẹ̀ ò wú. Bọ́tìnnì ni mo fẹ́ràn jù: ó we òwú mọ́ ìdí ẹ̀ kó lè yọ díẹ̀ kúrò lára aṣọ, ó sì fi bọ́tìnnì kékeré mìíràn tì í lẹ́yìn nínú lọ́hùn-ún, kó má baà fa aṣọ ya. Ó fi aṣọ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ síkẹ́ẹ̀tì náà. Tí mo bá sanra, ó ṣeé tú.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó gboyè ní yunifásítì tó wà n'Íjagun náà rán gáùn kan níbẹ̀, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kan pè é fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Aṣọ tó ń dán yinrinyinrin ló gbé wá. Ìyá Ìbejì ò gbà á: "Ọmọ mi, ìnáwó lèyí wà fún. Lọ wá búlúù tó dúdú wá." Inú bí ọmọ náà. Ó ní ohun tó wà nínú ọpọlọ òun ni wọ́n fẹ́ wò. Ó ní ṣebí ṣòkòtò péńpé káákí ni Tai Solarin, tí wọ́n forúkọ ẹ̀ sọ yunifásítì àwọn, ń wọ̀ kiri. Mo ní òtítọ́ ni. Àmọ́ káákí yẹn ò ṣèèṣì. Ọkùnrin tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ n'Íkẹ́nnẹ́ lọ́dún 1956, tó ń kọ́ ọmọ pé kí wọ́n fọwọ́ ara wọn ṣiṣẹ́, ohun tó ń kọ́ni náà ló ń wọ̀ sọ́rùn. Aṣọ tó bá iṣẹ́ ẹni mu ni mò ń wí, kì í ṣe aṣọ olówó ńlá. A ṣì ń retí èsì, ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ náà ti ibẹ̀ dé, ó ní látìgbà tí òun ti jókòó títí òun fi dìde, òun ò rántí aṣọ, ìbéèrè wọn nìkan ló wà lọ́kàn òun. Kò fa ọrùn, kò fa etí gáùn. Ohun tí mò ń fẹ́ lára aṣọ iṣẹ́ nìyẹn gan-an.

25,000 náírà ni mo san fún iṣẹ́ jákẹ́ẹ̀tì àti síkẹ́ẹ̀tì, èmi ni mo ra aṣọ kàṣímíà àti láínì tó wà nínú ẹ̀. Ó wọ́n, mi ò jiyàn. Kọ́tìnnì tí èèyàn ń bọ́ṣọ lẹ́yìn ẹ̀ kò bo ibẹ̀ tán, ó yẹ kó tún un ṣe, nítorí obìnrin ló pọ̀ jù nínú oníbàárà ẹ̀. Tí Ojúde Ọba bá sì ti kù dẹ̀dẹ̀, aṣọ ẹgbẹ́ á gba iwájú, ti ọ́fíìsì á dúró. Ẹ tètè gbé tiyín lọ ṣáájú Iléyá. Bàtà tí ẹ̀ ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ni kí ẹ wọ̀ lọ bá a o, orí rẹ̀ ló ti ń wọn gígùn síkẹ́ẹ̀tì.