Laptop tuntun tí iná ń jò lójú rẹ̀: àgbéyẹ̀wò ẹ̀rọ náà àti ṣọ́ọ̀bù tó tà á fún mi

Ẹni tó bá fẹ́ ra laptop tuntun, pàápàá ẹni tó fẹ́ máa fi ṣe iṣẹ́ fọ́tò tàbí fídíò, kó má sanwó títí yóò fi rí ojú ẹ̀rọ náà nínú òkùnkùn. Èyí tí ẹ rí lábẹ́ gílóòbù ṣọ́ọ̀bù kò tó. Iná tó ń tan ojú kọ̀ǹpútà láti ẹ̀yìn, tó lè máa jò létí, ni àléébù rẹ̀ máa ń fara pamọ́ jù, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ òǹtajà kì í fẹ́ kà sí àléébù.

Fọ́tò ìgbéyàwó àti òkú àgbà ni iṣẹ́ mi ní Abẹ́òkúta. Èmi ni mo ń yà á, èmi náà ni mo ń tún un ṣe lórí kọ̀ǹpútà kó tó di àlíbọ́ọ̀mù. Laptop tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, tuntun nínú páálí ni: ojú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 15.6, oríṣi IPS, 1920 × 1080, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tó nits 300 (nits ni wọ́n fi ń wọn ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà). Computer Village ní Ikẹjà ni mo ti rà á, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí òpópónà Ọ̀tìgbà. Mi ò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù náà, mi ò sì ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà, torí pé àléébù yìí máa ń bá olówó pọ́ọ́kú, ó sì máa ń bá olówó gọbọi.

Kí n kọ́kọ́ sọ ibi tó dáa. Ó yá gan-an. Fọ́tò RAW (fọ́tò ńlá tí kámẹ́rà kò tíì fún pọ̀) ti ayẹyẹ odindi ọjọ́ kan kò mú un kọ́sẹ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ rọ̀ lọ́wọ́, bátìrì rẹ̀ ń gbé mi dé ìrọ̀lẹ́ lọ́jọ́ tí kò bá sí iná, fáànù inú rẹ̀ kì í sì pariwo. Ká ní lẹ́tà lásán ni mo fẹ́ máa fi tẹ̀ ni, ọ̀rọ̀ ìyìn nìkan ni ẹ ò bá kà níbí.

Alẹ́ ni mo rí àléébù náà. Mo ṣí fọ́tò ọkọ ìyàwó kan tó wọ ẹtù, ẹtù gidi tí wọ́n hun ní Ìsẹ́yìn, aró rẹ̀ dúdú débi pé ìlà tín-ín-rín ara rẹ̀ nìkan ló ń jẹ́ kéèyàn mọ ibi tí aṣọ ti ṣẹ́po. Láàárín ojú kọ̀ǹpútà, agbádá yẹn dúdú bó ṣe yẹ. Ní igun òsì nísàlẹ̀, etí rẹ̀ ti di àwọ̀ eérú, ìlà tín-ín-rín yẹn sì ti wọnú ìmọ́lẹ̀ kan tó fẹ̀ ju ínǹṣì kan lọ. Mo fa fọ́tò náà sọ́wọ́ ọ̀tún. Etí agbádá dúdú padà, ìlà rẹ̀ yọ. Ṣòkòtò ọ̀rẹ́ ọkọ tó bọ́ sí igun yẹn ló wá di eérú. Fọ́tò kò ní àbùkù kankan, ojú kọ̀ǹpútà ló ní in.

Fún iṣẹ́ tèmi, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ẹni tó bá ń fi irú ojú bẹ́ẹ̀ tún fọ́tò ṣe yóò máa dín ìmọ́lẹ̀ igun náà kù, torí ó rò pé inú fọ́tò ló wà. Tó bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, igun yẹn á dúdú kọjá bó ṣe yẹ, ìlà ẹtù tí oníbàárà sanwó aṣọ rẹ̀ gidi á sì parẹ́. Owó àlíbọ́ọ̀mù ti wọgbó nìyẹn.

Ìdí tó fi ń ṣẹlẹ̀ kò ṣòro. Ojú LCD, tí IPS jẹ́ oríṣi rẹ̀ kan, kì í tan iná fúnra rẹ̀. Àwọn gílóòbù LED kéékèèké ni wọ́n máa ń tò sí etí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan tó mọ́ gaara ń gba ìmọ́lẹ̀ wọn, ó ń tàn án ká gbogbo ẹ̀yìn, àwọn awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sì wà níwájú rẹ̀ tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ náà dọ́gba. Tí àwòrán bá dúdú, iná ẹ̀yìn yẹn kì í kú. Kírísítálì olómi tó wà níwájú rẹ̀ ló ń dí i lọ́nà. Níbi tí férémù bá ti fún ojú náà jù, tí téèpù etí rẹ̀ kò lẹ̀ dáadáa, tàbí tí ẹrù ti tẹ páálí lójú ọ̀nà, ìmọ́lẹ̀ á máa yọ létí bí iná ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣe ń yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn tí a ti tì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé igun àti etí ló sábà máa ń jò.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Laderin lọ sí Agége, mo gbé e padà fún wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí káńtà wò ó, ó ní, "Àǹtí mi, bí gbogbo IPS ṣe ń ṣe nìyẹn."

Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Kò sí ojú IPS tí kì í ní ìmọ́lẹ̀ ráńpẹ́ ní igun nígbà tí àwòrán bá dúdú. IPS glow ni wọ́n ń pè é. Ìmọ́lẹ̀ funfun irú ojú yìí sábà máa ń jẹ́ ìlọ́po nǹkan bí 1000 ti dúdú rẹ̀, nítorí náà kò sí bí dúdú rẹ̀ ṣe lè dà bí ìgbà tí a pa iná pátápátá. Ṣùgbọ́n glow máa ń tẹ̀lé ojú ẹni tó ń wò ó: bí ẹ bá sún orí sẹ́gbẹ̀ẹ́, òun náà á sún; bí ẹ bá fà sẹ́yìn, á dínkù. Iná tó ń jò kì í kúrò níbi tó wà. Mo ní kí àbúrò náà dúró síwájú ẹ̀rọ, kó sún sọ́tùn-ún, kó sún sósì, kó tún lọ sẹ́yìn díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ igun ọ̀tún lókè ń lọ, ó ń bọ̀. Ti igun òsì nísàlẹ̀ kò mira. Ó lọ pe ọ̀gá rẹ̀.

Ọ̀gá náà gbọ́ mi lágbọ̀ọ́yé, ó fi mí jókòó, ó ní kí wọ́n fún mi lómi. Ohun tó fẹ́ ṣe ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ó fẹ́ kí ẹnjiníà rẹ̀ tú férémù, kó dẹ nọ́ọ̀tì díẹ̀, kó sì fi aṣọ rírọ̀ máa ra etí ibẹ̀. Ó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà mìíràn lóòótọ́, mo sì gbà pé ẹni tí wáráńtì rẹ̀ ti kú lè dán an wò. Ẹ̀rọ tuntun tí mo fi owó tuntun rà kọ́ ni wọ́n á ṣe bẹ́ẹ̀ fún. Bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́ jù, àmì funfun lè jókòó sójú rẹ̀ títí láé, bẹ́ẹ̀ ni ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè sọ pé ẹlòmíràn ti tú u, kí wáráńtì ọdún kan wọmi. Ó tún ní kí n máa lò ó lọ, pé ìmọ́lẹ̀ náà á rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Òmíràn máa ń rọlẹ̀ bí férémù bá ti jókòó dáadáa, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà, àkókò tí èèyàn fi lè dá ọjà padà sì ń lọ.

Ohun tó ń bí mi nínú nípa wáráńtì laptop ni pé pixel tó kú (pixel ni ẹyọ tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán) ní ìlànà àgbáyé kan, ISO 9241-307, tó sọ iye tó lè wà kí a tó ka ojú kan sí èyí tó bàjẹ́. Ní ti iná tó ń jò, ìwé wáráńtì kì í sábà kọ iye kankan. Ojú ẹni tó bá gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ náà ni ìdájọ́. Nítorí náà, òfin ni mo fi ọ̀rọ̀ mi tì. Òfin tó ń dáàbò bo oníbàárà ní Nàìjíríà, èyí tí wọ́n ń pè ní FCCPA 2018, fún wa ní ẹ̀tọ́ láti yẹ ọjà wò, ó sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tó ní àléébù padà. Mo sọ fún ọ̀gá náà pé FCCPC, àjọ tó ń mú òfin náà ṣẹ, ni mo máa kọ̀wé sí bí a kò bá rí i yanjú, mo sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, láìpariwo. Rìsíìtì mi wà lọ́wọ́, páálí àti rọ́bà inú rẹ̀ pé, fọ́tò igun náà wà lórí fóònù mi. Ó gbà láti pààrọ̀ rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ fọ́tò yẹn, ẹ fetí sí mi, torí iṣẹ́ mi nìyí. Nínú òkùnkùn, fóònù máa ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé ju ojú èèyàn lọ. Ojú kọ̀ǹpútà tó dára gan-an lè dà bí ẹni pé iná ń jó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀. Ẹ fọwọ́ tẹ ibi tí igun náà wà lójú fóònù, ẹ fa ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ títí ohun tó wà lórí fóònù yóò fi jọ ohun tí ojú yín ń rí, kí ẹ tó yà á. Fọ́tò tó bá sọ àsọdùn, òǹtajà ló máa gbè lẹ́yìn.

Kí n tó gba èyí tí wọ́n fi pààrọ̀, mo ní kí a gbé e lọ sínú sítọ́ọ̀ wọn, ká pa iná. Mo ti fi àwòrán dúdú, funfun, pupa, àwọ̀ ewé, búlúù àti eérú sórí fúláàṣì. Dúdú ni mo kọ́kọ́ ṣí, tó kún ojú rẹ̀ pátápátá, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ní ìdajì, torí kò sẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ lóru pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀ tó kún. Eérú ló ń fi àbàwọ́n hàn, funfun ló ń fi ibi tó pọ́n tàbí tó ṣókùnkùn hàn, àwọn àwọ̀ yòókù wà fún pixel tó kú. Mo dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù gan-an, mo wò ó nínú kámẹ́rà fóònù bóyá ìlà dúdú á máa kọjá. Bí ìlà bá ń kọjá, iná ẹ̀yìn náà ló ń kú tó ń tàn kíákíá láti fi dín ìmọ́lẹ̀ kù, ó sì máa ń fa orí fífọ́ fún àwọn kan. Ti èyí kò ní ìlà. Glow díẹ̀ wà ní igun ọ̀tún, ó ń tẹ̀lé orí mi bó ṣe yẹ. Kò sí ibi tó ń jò.

Orúkọ kan náà, nọ́ńbà kan náà ló wà lára páálí méjèèjì, ṣùgbọ́n ojú inú wọn yàtọ̀. Bí ẹ bá ṣí Device Manager nínú Windows, tí ẹ lọ sí Monitors, tí ẹ wo Hardware Ids, lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ MONITOR ni yóò sọ ẹni tó ṣe ojú náà: AUO, BOE, LGD fún LG Display, CMN fún Innolux, SDC fún Samsung Display. Ilé iṣẹ́ laptop kan lè ra ojú lọ́wọ́ méjì tàbí mẹ́ta fún ẹ̀rọ kan ṣoṣo. Àgbéyẹ̀wò tí ẹ kà nípa irú laptop kan lè jẹ́ ti ojú mìíràn pátápátá. Ẹ̀rọ tó wà níwájú yín gan-an ni kí ẹ yẹ̀ wò.

Fún ẹ̀yin tó ń ra tòkúnbọ̀, ẹ gbé ìdérí rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣí tán. MacBook Pro oní-ínǹṣì 13 tó jáde ní 2016 ní wáyà pẹlẹbẹ kan tó máa ń gbó bí a ṣe ń ṣí ìdérí tí a sì ń pa á dé. Ìmọ́lẹ̀ á kọ́kọ́ máa tò ní abala abala sí ìsàlẹ̀ ojú rẹ̀, lẹ́yìn náà iná ẹ̀yìn á kú. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2019 ni Apple kéde pé àwọn máa tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ojú bá dúdú ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ ń dún, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i: tí ẹ bá rí àwòrán fírífírí, iná ẹ̀yìn ló kú.

Ojú oríṣi OLED kò ní iná ẹ̀yìn rárá, pixel kọ̀ọ̀kan ló ń tan tirẹ̀, nítorí náà kò sí ohun tó máa jò. Ó wọ́n ju agbára mi lọ lásìkò yìí, ohun tó bá sì pẹ́ lójú kan lórí rẹ̀ lè fi àpá sílẹ̀, ìyẹn sì kan èmi tí àpótí irinṣẹ́ Lightroom, ètò tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, ń wà lójú kan láti àárọ̀ dalẹ́.

Mo fún ẹ̀rọ náà ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Mo fún ṣọ́ọ̀bù náà ní mẹ́ta: wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láìgba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, ìwà ọ̀gá náà sì dára, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n ti máa pa iná sítọ́ọ̀ yẹn fún oníbàárà kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.