Ọta dídán, ọta tí a fi líìmù (irin eléyín tí a fi ń rẹ́ irin) yí, tàbí òjé tó kún ọ̀pá: èwo ni kí ẹ rà fún ìbọn akìlẹ́nu onílà?

Kí ẹ tó yọ sẹ́fà kankan nínú àpò, ẹ wo inú ọ̀pá ìbọn yín. Ẹ kọ́kọ́ ki igi ìkìbọn wọlé kó kanlẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ dájú pé kò sí ẹ̀tù níbẹ̀, kí ẹ tó tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ mọ̀, inú rẹ̀ ń dán bọ̀rọ́ bí páìpù omi. Kò sí ilà tí yóò mú ọta yí, nítorí náà sábó, ìyẹn ife ike tó ń gbé ọta, kò ní ṣe é láǹfààní kankan. Bó bá jẹ́ ọ̀yà ni ẹ ń lé, ọta wẹ́wẹ́ ló tọ́ sí yín, ẹ má wulẹ̀ ka ìyókù.

Ìbọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ni akìlẹ́nu ìgbàlódé tí ilà lọ́ nínú ọ̀pá rẹ̀. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà ni .50, ìyẹn ọ̀pá tí ihò rẹ̀ fẹ̀ tó 12.7 mm, ilà rẹ̀ sì sábà máa ń yí ẹ̀ẹ̀kan nínú ínṣì 28, tó jẹ́ nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 71. Sábó jẹ́ ife ike kékeré tí ẹnu rẹ̀ là sí mẹ́rin bí òdòdó. Ọta tó tín-ín-rín ju ọ̀pá lọ ló ń jókòó nínú rẹ̀: 11.5 mm, èyí tí wọ́n ń kọ .451 tàbí .452 sí lára páálí rẹ̀. Ilà á gbá ike mú, ike á gbá ọta mú, wọ́n á jọ máa yí. Bí wọ́n bá jáde, afẹ́fẹ́ á ṣí ike náà, yóò já bọ́, ọta nìkan ló ń lọ. Ẹni tó bá lọ sí ilé ìwé Faransé mọ̀ pé bàtà onígi ni sabot. Bàtà tó bá tóbi ju ẹsẹ̀ lọ, ẹsẹ̀ á máa yí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọta dídán

Ọta sábó tí kò ní ilà kankan lára nìyí. Òun ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, páálí kan péré. Bí ìwọ̀n rẹ̀ bá bá ọ̀pá yín mu, ẹ ò nílò ohunkóhun mọ́. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: kíkì rẹ̀ gbọ́dọ̀ le díẹ̀, kí ẹ fi agbára apá tì í lọ sílẹ̀ láìdúró, láìfi òòlù lù ú. Bó bá ń yọ̀ lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀, kò fún. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ẹ̀tù á gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ọta á sì máa lọ sọ́tùn-ún sósì. Ewu tó ju ìyẹn lọ tún wà: bí ẹ bá dorí ìbọn kodò lójú ọ̀nà oko, ọta lè sún kúrò lórí ẹ̀tù. Àlàfo tó wà láàárín wọn lè mú kí ọ̀pá ìbọn wú tàbí kó bẹ́.

Ọta tí a fi líìmù yí

Èyí ni ìwòsàn ọta tó tú díẹ̀. Mọlẹtáàjì ni àwọn túnọ̀ tó ń gbẹ́ irin ní Àjàṣẹ́ ń pè é: wọ́n á tẹ ilà wẹ́wẹ́ sí ara irin kó má baà máa yọ̀ lọ́wọ́. Lára ọta, ilà náà ń ṣe iṣẹ́ méjì. Ó ń di inú ike mú, ó sì ń mú ọta tóbi sí i ní 0.025 sí 0.08 mm. Ẹ má retí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọta tó tú ní ìdajì mìlímítà, líìmù kò lè gbà á là.

Líìmù pẹrẹsẹ méjì tí eyín wọn dábùú ara wọn ni ẹ máa rà, pẹ̀lú pied à coulisse, irin tí a fi ń wọn ìnípọn nǹkan, tó ń ka 0.01 mm. Ẹ fi ẹfun pa eyín líìmù, òjé ò ní lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ de ọ̀kan mọ́ tábìlì, ẹ gbé ọta dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀ ní ìdábùú, ẹ fi èkejì tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì yí i lẹ́ẹ̀kan ààbọ̀. Ara tó gún régé nìkan ni kí líìmù kàn, kó má dé ṣóńṣó orí, kó má sì gé etí ìdí. Ẹ wọ̀n ọ́n ní ojú mẹ́rin. Bí ojú kan bá ju èkejì lọ, ọwọ́ yín ló wúwo sápá kan. Lẹ́yìn náà ẹ yí i lórí gíláàsì tó tẹ́ pẹrẹsẹ: èyí tí ṣóńṣó rẹ̀ bá ń jó, ẹ yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Òjé rọ̀, ó ń gba ilà kíákíá. Ọta tí wọ́n fi bàbà bò le díẹ̀, bí bàbà rẹ̀ bá sì fẹ́lẹ́, títẹ̀ líle lè mú un ṣe pẹ̀tẹ̀. Èyí tó jẹ́ bàbà látòkèdélẹ̀, lójú tiwa, ẹ fi í sílẹ̀.

Sábó mìíràn, tàbí ọta tó fi díẹ̀ tóbi

Ó wọ́n ju líìmù lọ nítorí páálí lórí páálí ni, àmọ́ gbogbo rẹ̀ dọ́gba láti ilé iṣẹ́, ọwọ́ yín ò sì lè ṣì í. Ẹni tí kò ní sùúrù láti wọn ogún ọta lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí ni kó rà. Bí ẹ bá lọ láti .451 sí .452, ẹ ti gba ohun tí líìmù ń ṣe láìlàágùn.

Òjé tó kún ọ̀pá, àti òjé róbótó onáṣọ

Kò sí ike nínú ọ̀rọ̀ tiwọn, nítorí náà kò sí ike tó máa rọ̀ nínú oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀. Àǹfààní gidi nìyẹn, torí ọ̀pá tó bá gbóná máa ń ba sábó jẹ́. Òjé róbótó fún .50 sábà máa ń jẹ́ 12.45 mm, a sì ń fi aṣọ tó nípọn tó 0.38 mm wé e. Ilà tó ń yí díẹ̀díẹ̀ ló fẹ́, ẹ̀ẹ̀kan nínú ínṣì 60 tàbí 66. Nínú ilà ínṣì 28, ó máa ń ṣòro kó lọ tààrà bí ẹ̀tù bá pọ̀. Ní Colorado, ìpínlẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, òfin ò gba sábó láàyè lákòókò ọdẹ akìlẹ́nu, nítorí náà òjé tó kún ọ̀pá ni wọ́n ń lò níbẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa dá wọn wò

Ẹ̀tù kan náà, ìwọ̀n kan náà tí ìwé ìbọn yín kọ, ọta márùn-ún márùn-ún ní mítà 50, kí ẹ sì nu ọ̀pá lẹ́yìn ìró kọ̀ọ̀kan. Ẹ sàmì sí igi ìkìbọn níbi tó ń dé nígbà tí ọta bá jókòó lórí ẹ̀tù. Ẹ̀tù tí kì í rú èéfín, tí wọ́n ń rọ sínú katiríìjì, kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìbọn tí ilé iṣẹ́ kò ṣe fún un: ó ń fọ́ ọ̀pá.

Lẹ́yìn yíyìn, ẹ ṣa sábó tó bọ́ sílẹ̀ níwájú. Bí ewé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá ṣí bákan náà, tí ilà líìmù sì hàn nínú rẹ̀, ó ti mú. Bí ìdí rẹ̀ bá jóná, tí ilà ọ̀pá kò sì hàn lára rẹ̀ dáadáa, ó ṣì tú. Bí ewé kan bá ya, ó ti fún jù, ẹ dín títẹ̀ kù.

Ní ti rírà láti òkèèrè, ẹ gba ìwé àṣẹ ìbọn àti ti ọdẹ kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́. Ọta kì í ṣe ẹrù tí a ń fi pamọ́ sábẹ́ àpò gàrí kọjá bodè Ìgólò tàbí Ìlárá.