Páì tó dùn, káńtà tó ń bà á jẹ́: àgbéyẹ̀wò ilé búrẹ́dì kan ní Bódìjà

Ìdí míìtì páì ló mú mi kọ èyí. Kì í ṣe iye owó rẹ̀, kì í sì í ṣe bó ṣe tóbi tó. Ìdí rẹ̀ ni. Mo gbé e sókè lórí àwo, ìdí rẹ̀ já bí bébà tó wọ omi, ẹran inú rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Páì tí wọ́n yan dáadáa kì í já nídìí, àfi tí ẹnì kan bá ti ṣe é níkà lẹ́yìn tó jáde nínú ààrò.

Ilé búrẹ́dì náà wà ní Bódìjà, n'Ìbàdàn: ààrò lẹ́yìn, káńtà níwájú, tábìlì mélòó kan fún ẹni tó bá fẹ́ jókòó jẹun. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ìjókòó, afẹ́fẹ́ tútù, ibi ìgbọ́kọ̀sí, gbogbo ohun tí ẹ ń retí níbẹ̀ ló wà níbẹ̀, mi ò ní máa kà á fún yín.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Páì tò sínú àpótí onígíláàsì tó yẹ kó máa mú wọn gbóná lórí káńtà, ṣùgbọ́n iná àpótí náà ò tàn. Mo bi ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ bóyá ti àárọ̀ ọjọ́ náà ni. "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ni." Mo fọwọ́ kan gíláàsì, ó tutù nini. Kí n tó la ẹnu, ó ti ju páì sínú ọ̀rá, ó ti so ẹnu ọ̀rá náà, ó ti gbé e sínú máíkírówéèfù, ó sì ti tẹ ìṣẹ́jú méjì.

"Àbúrò, jọ̀ọ́, má fi síbẹ̀."

"Mà, bá a ṣe ń ṣe é fún gbogbo èèyàn nìyẹn."

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Omi ni máíkírówéèfù máa ń mú gbóná jù lọ, ọbẹ̀ ẹran àti pòtétò inú páì ló sì ní omi, kì í ṣe awọ ìta rẹ̀. Inú á kọ́kọ́ gbóná, ooru omi á máa wá ọ̀nà jáde, á sì gba inú awọ kọjá. Tí ẹ bá tún wá so ọ̀rá mọ́ ọn lẹ́nu, ooru yẹn ò ní rí ibì kankan lọ, á padà di omi, á sì rọ̀ sórí páì. Awọ tó yẹ kó máa fọ́ lẹ́nu á di ohun tó rọ̀ jọ̀bọ̀. Bó bá tún wá tutù lórí tábìlì, á le gbandi bí ẹ ti ń jẹ ẹ́. Kò sí bí oníṣẹ́ ṣe mọ iṣẹ́ tó, ìṣẹ́jú méjì yẹn tó láti fọ gbogbo rẹ̀ dànù.

Mo ní kó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní wọn kì í pààrọ̀ ohun tí wọ́n bá ti bá oníbàárà mú gbóná. Mo ní mi ò bẹ̀ ẹ́ pé kó mú un gbóná. Ó ní kí n dúró de máníjà. Máníjà jáde pẹ̀lú fóònù létí, ó wo páì, ó wò mí, ó ní, "Mà, ṣé kò gbóná tó ni?" Mo ṣàlàyé ìdí tó já fún un. Ó tún wo páì náà, ó wá béèrè rìsíìtì. Kò sí rìsíìtì, torí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́ ti tán bébà, ọ̀dọ̀ wọn náà ló sì ti tán. Ó ní láìsí rìsíìtì, kò sí ohun tí òun lè ṣe. Ó ti ń padà síbi fóònù rẹ̀ nígbà tó ń sọ ọ́.

Ariwo wa ló mú màmá tó ń yan nǹkan yọ láti ẹ̀yìn, fúláwà dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀. Ó mú ààbọ̀ páì tó wà lórí àwo, ó fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀, ó sì gbójú sókè wo àwọn tó wà ní káńtà: "Ta ló gbé e sínú ẹ̀rọ yẹn?" Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó yí sí mi, ó ní, "Ẹ má bínú, ìyá mi. Èyí tó wà nínú iná báyìí, ẹ jẹ́ kó jáde." Ó sì padà wọlé.

Èyí tó gbé wá, ẹ̀yin èèyàn mi, páì nìyẹn! Awọ rẹ̀ ń fọ́ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ìdí rẹ̀ pọ́n tó òkè rẹ̀, ẹ sì lè dì í mú lọ́wọ́ kan láìsí ohun tí yóò dà. Ẹran inú rẹ̀ ò ṣomi, kò sì gbẹ. Táìmù àti kọ́rì wà níbẹ̀ níwọ̀n. Ata rẹ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ kí èèyàn. Láti ìgbà yẹn ni inú mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ sí ibẹ̀, bí mi ò tilẹ̀ fẹ́ kó yọ́.

Màmá náà ò fi iṣẹ́ rẹ̀ pamọ́. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nílé, ìwọ̀n tó máa ń ṣiṣẹ́ ni bọ́tà tó jẹ́ ìdajì fúláwà: fúláwà 500 gírámù, bọ́tà 250, iyọ̀ ààbọ̀ ṣíbí tíì, béékìn páúdà ṣíbí tíì kan, ẹyin kan, àti omi fìríìjì tí kò ju 100 mílílítà lọ. Ẹ má da gbogbo omi náà sí i lẹ́ẹ̀kan. Bí fúláwà bá ti lè dì mọ́ra, ẹ dáwọ́ dúró. Bọ́tà gbọ́dọ̀ le. Ẹ fi orí ìka fọ́ ọ mọ́ fúláwà títí yóò fi ṣe wóróworó, kì í ṣe títí yóò fi yọ́. Bọ́tà tó bá ti yọ́ mọ́ fúláwà kí ó tó rí iná ló ń sọ awọ páì di bísíkíìtì líle. Ẹ má pò ó bí ẹni ń po búrẹ́dì, torí bẹ́ẹ̀ á máa fà. Ẹ gbé e sí fìríìjì fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ tó tẹ́ ẹ kó nípọn mílímítà 3 sí 4.

Ti inú rẹ̀: ẹran lílọ̀ 400 gírámù, pòtétò méjì àti kárọ́ọ̀tì kan tí ẹ gé wẹ́wẹ́, àlùbọ́sà, táìmù, kọ́rì. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti jinná, ẹ po ṣíbí ìjẹun fúláwà kan mọ́ omi díẹ̀, ẹ dà á sí i, ẹ rò ó títí ọbẹ̀ yóò fi dì mọ́ ẹran. Ẹ wá jẹ́ kó tutù pátápátá. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kánjú. Tí ẹ bá di ẹran gbígbóná sínú awọ, bọ́tà awọ náà á yọ́ kí iná tó kàn án, ìdí á sì rin. Ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ etí rẹ̀ pa, ẹ fi gún òkè rẹ̀ kí ooru lè jáde, ẹ fi ẹyin pa á lára, kí ẹ sì yan án ní 180 dígírì fún ọgbọ̀n sí márùndínlógójì ìṣẹ́jú.

Ọ̀pọ̀ ààrò gáàsì tí à ń lò nílé, ìsàlẹ̀ nìkan ni iná rẹ̀ wà. Ó máa ń jó ìdí búrẹ́dì kí òkè tó pọ́n, ẹ̀sùn tí gbogbo èèyàn sì ń fi kàn án nìyẹn. Ṣùgbọ́n oore ni iná yẹn jẹ́ fún páì. Ẹ gbé páànù pẹlẹbẹ kan sínú ààrò kó gbóná ṣáájú, kí ẹ wá gbé èyí tí páì wà nínú rẹ̀ lé e lórí. Ìdí á tètè gan, kò ní ráyè mu omi. Tó bá sì ku èyí tí ẹ fẹ́ jẹ lọ́jọ́ kejì, 160 dígírì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí méjìlá, láìbo nǹkan kan lé e. Ẹni tí kò ní ààrò lè gbé e sínú ìkòkò gbígbẹ lórí iná jẹ́jẹ́, kó ṣí ọmọrí díẹ̀. Ohun tí káńtà yẹn ò lè ṣe nìyẹn.

Ẹ̀wà aganyin wọn láàárọ̀ tún dára ju páì lọ, mo sì mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ̀wà náà rọ̀ débi tí kò nílò eyín. Ata rẹ̀ dúdú, ṣùgbọ́n kò korò. Àlùbọ́sà ni ẹ ó fi mọ̀: bí wọ́n bá kánjú, òkè rẹ̀ á jó, inú rẹ̀ á ṣì funfun, gbogbo ata á sì korò. Tiwọn pọ́n kúnná nínú epo pupa, iná jẹ́jẹ́ ni, lẹ́yìn ìyẹn ni ata gbígbẹ tí wọn ò lọ̀ kúnná tó wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lú búrẹ́dì Àgége wọn.

Búrẹ́dì yẹn pọ̀ ní iṣẹ́ ju bó ṣe rí lójú lọ. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè níbí, wà lára àwọn tó sọ búrẹ́dì di òwò ńlá l'Ékòó ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn. Títí dòní, ẹ̀rọ onírólà méjì tó ń tẹ fúláwà pípò léraléra ló ń fún Àgége ní inú funfun tó ṣù, tó ń ya bí òwú. A ò ní irú ẹ̀rọ yẹn nílé, ìdí nìyí tí búrẹ́dì àṣenílé fi máa ń rún. Ẹ lo fúláwà búrẹ́dì kílò kan, omi 510 mílílítà péré, ṣúgà 120 gírámù, bọ́tà 40, iyọ̀ 15, yíìsì 10. Á le lọ́wọ́, ẹ má fi omi kún un. Ẹ fi igi ìtẹ́fúláwà tẹ́ ẹ, ẹ ká a, ẹ tún tẹ́ ẹ, ó kéré tán nígbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, títí ara rẹ̀ yóò fi máa dán. Ó tó páànù ńlá méjì. Bó bá wú kù díẹ̀ kó dé etí páànù, ẹ gbé e sínú 180 dígírì fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹ sì fi páànù òfìfo kan sí ìsàlẹ̀ pátápátá kó gba iná sára. Ẹ má fi bromate, kẹ́míkà tí àwọn oníbúrẹ́dì kan máa ń pò mọ́ fúláwà, sí i, ẹnikẹ́ni tó wù kó sọ pé ó ń mú un wú. NAFDAC ti fòfin dè é.

Ẹ wá wo ohun tí káńtà tún ṣe sí búrẹ́dì náà. Wọ́n ń kó o sínú ọ̀rá nígbà tó ṣì ń yọ èéfín, wọ́n sì ń so ó pa. Omi ń kán nínú ọ̀rá náà kí ẹ tó dé ilé. Búrẹ́dì bẹ́ẹ̀ á bu ní ọjọ́ kejì, àwọn èèyàn á sì ní oníbúrẹ́dì ò mọ iṣẹ́. Ó yẹ kó tutù fún wákàtí kan ó kéré tán kí wọ́n tó dì í. Mo sọ fún ọmọbìnrin náà pé kó fi tèmi sínú àpò bébà. Ó ní bébà ti tán.

Nígbà tí mo fẹ́ sanwó, máníjà ti ṣírò páì méjèèjì, èyí tó já nídìí àti èyí tí màmá fi tọrọ àforíjì. Mo san án. Mi ò fẹ́ kó di ìjà sí màmá náà lọ́rùn.

Ẹ lọ kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, nígbà tí nǹkan ṣì ń ti inú ààrò bọ́ sọ́wọ́ yín tààrà. Ẹ béèrè èyí tí kò tíì wọ àpótí gíláàsì. Bí ẹ bá sì rí ọwọ́ tó ń lọ síbi máíkírówéèfù, ẹ pariwo.

Máàkì: 4½ nínú 5. Ààbọ̀ tó kù wà lọ́wọ́ mi, kí máníjà mú rìsíìtì wá gbà á.